Bí Ẹlẹ́sìn Mìíràn Bá Bá Ọ Jókòó Nínú Ọkọ̀

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìbàdàn ni mò ń gbé, Èkó ni iṣẹ́ mi wà, rélùwéè ni mo sì máa ń wọ̀ láti Mọ́níyà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaji kan tó tó bí mi lọ́mọ jókòó kọjú sí mi. Ó rí Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ọmọ mi, báwo ni Ọlọ́run ṣe lè bímọ?' Mo fèsì, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo sọ. Bàbá kan tó wọ ìdè Ifá sọ́wọ́ dá sí i pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe dìde lẹ́yìn wa nìyẹn, tó ń pariwo pé iná ọ̀run ń dúró de àwọn méjèèjì. Ni gbogbo ibẹ̀ bá dàrú. Kí a tó sọ̀kalẹ̀, Alhaji ṣàdúrà fún mi lórí iṣẹ́ mi, mo ṣe àmín. Ó fún mi ní dàbínù, mo jẹ ẹ́. Ó tún kọ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ fún mi pé kí n wá kí i. Ọ̀rẹ́ mi ní ìjọ ní mo ti sẹ́ Jésù, nítorí n kò sọ fún Alhaji pé kó ronú pìwà dà, pé àmín yẹn pàápàá léwu. N kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ṣé mo ṣẹ̀ ni? Kí ni kí n ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ mi, mo ka lẹ́tà rẹ, mo sì tún un kà. Ẹ̀rù mẹ́ta ló dì mọ́ra wọn níbẹ̀. O ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ tí o gbọ́, àmín tí o ṣe àti dàbínù tí o jẹ ti kó àbàwọ́n bá ìgbàgbọ́ rẹ. O tún ń bẹ̀rù pé o sẹ́ Olúwa rẹ torí pé o kò bá àgbàlagbà yẹn jà. Ẹ̀kẹta, o kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó hàn nínú bí o ṣe kọ̀wé: ojú tì ọ́ pé ìbéèrè tí ẹnìkan fi ẹ̀rín béèrè lọ́wọ́ rẹ di ariwo tí gbogbo èrò ń wò. Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn rẹ lè balẹ̀ díẹ̀: nínú gbogbo ohun tí o kọ, n kò rí ibi tí o ti ṣẹ̀. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ń nawọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ilé tí bàbá ti ń kírun, tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ni mo ti dàgbà, Kìrìsìtẹ́nì sì ni èmi fúnra mi. Mo sọ èyí kí o lè mọ ibi tí mo dúró sí kí n tó máa sọ̀rọ̀. N kì í ṣe pásítọ̀ rẹ. Bí ìjọ rẹ bá ní ìlànà lórí oúnjẹ tàbí lórí àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, n kò ní àṣẹ láti yí i padà. Ohun tí mo lè fún ọ ni ohun tí mo mọ̀ nínú àwọn ìwé mímọ́, àti ohun tí mo ti rí láàárín èrò ọkọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè Alhaji, nítorí ó jọ pé o gbọ́ ọ bí ẹ̀gàn. Kò di dandan kó jẹ́ ẹ̀gàn. Sùúrà Ikhlas wà nínú Kùránì, Sùúrà 112, ẹsẹ mẹ́rin péré: Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, òun ni gbogbo ẹ̀dá gbójú lé, kò bímọ, a kò sì bí i, kò sì sí ẹni tó bá a dọ́gba. Ọmọ ilé kéú ti há a sórí kó tó mọ ìwé kọ, àgbà sì ń kà á nínú ìrun. Nítorí náà, bí Mùsùlùmí bá gbọ́ "Ọmọ Ọlọ́run", ohun tó kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní Ọlọ́run gbé ìyàwó, ó sì bímọ bí èèyàn ti ń bímọ. Bó bá jẹ́ ohun tí ìgbàgbọ́ wa sọ nìyẹn, èmi náà ì bá sá fún un. Àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ni ní Kátólíìkì, tàbí ní Áńgílíkà, tàbí lọ́dọ̀ Onítẹ̀bọmi, tàbí ní Aládùúrà. Jòhánù orí kìíní ní Ọ̀rọ̀ ti wà ní àtètèkọ́ṣe, Ọ̀rọ̀ sì wà pẹ̀lú Ọlọ́run, Ọlọ́run sì ni Ọ̀rọ̀ náà, Ọ̀rọ̀ náà ló wá di ara. Kò sí ọ̀rọ̀ ìyàwó níbẹ̀ rárá.

Ó yẹ kí o tún mọ ohun tí Alhaji ti gbà kó tó lanu bá ọ sọ̀rọ̀. Kùránì pe Jésù ní Ísà ọmọ Màríyámù, ó pè é ní Mèsáyà, ó ní wúńdíá ló bí i, ó ní ó la ojú afọ́jú, ó wo adẹ́tẹ̀ sàn, ó sì jí òkú pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́run. Orúkọ Màríyámù ni wọ́n fi pe Sùúrà 19. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni pé Mùsùlùmí kò gbà pé Ísà jẹ́ Ọlọ́run, kò sì gbà pé wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú. Sùúrà 4 ẹsẹ 157 ló sọ ti àgbélébùú yẹn. Ìyàtọ̀ ńlá ni, n kò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀, nítorí orí àgbélébùú ni gbogbo ìgbàgbọ́ wa dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà kò ní máa jà níbi tí kò ti sí ìjà. Ìdáhùn tí ì bá tó Alhaji kò gùn: "Ẹ ṣeun, sà. Àwa náà ò gbà pé Ọlọ́run gbé ìyàwó tàbí pé ó bímọ bí èèyàn. Ohun tí a gbà ni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ tọ̀ wá wá nínú Jésù, òun la ṣe ń pè é ní Ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò gbà á bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn ìyẹn, o lè bi òun náà pé kí ni wọ́n máa ń sọ nípa Ísà ní mọ́sáláṣí. Wàá gbọ́ ohun tí o kò gbọ́ rí, òun náà á sì rí i pé o fẹ́ mọ̀.

Àwa náà ní tiwa tí à ń gbé kiri nípa wọn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu Kìrìsìtẹ́nì tó kàwé gidi pé òkúta dúdú tó wà ní Mẹ́kà ni àwọn Mùsùlùmí ń bọ, tàbí pé Ànábì Muhammad ni wọ́n ń sìn. Káábà, ilé tí òkúta náà wà lára rẹ̀, jẹ́ ibi tí wọ́n ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun. Jerúsálẹ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọjú sí, kí àṣẹ tó dé ní nǹkan bí ọdún 624 pé kí wọ́n yí padà sí Mẹ́kà. Ní ti òkúta náà, hádíìsì kan tó lókìkí, ìyẹn ìtàn tí wọ́n gbà láti ìgbà Ànábì, ní Umar, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ olórí Mùsùlùmí lẹ́yìn Ànábì, dúró níwájú rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé òkúta lásán ni, kò lè ṣeni lóore, kò lè ṣeni níbi, pé bí kì í bá ṣe pé òun rí Ànábì tó fẹnu kò ó ni, òun kì bá fẹnu kò ó. Ẹni tó bá sì ń sin Muhammad, ojú ẹni tó ti kúrò nínú Ìsìláàmù ni àwọn Mùsùlùmí yóò fi wò ó.

Bàbá onídè Ifá ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa irú wọn kò kọjá ohun tí a rí nínú fíìmù, níbi tí babaláwo kì í ti í ṣe rere kan. Àwọn oníṣẹ̀ṣe gbà pé Olódùmarè ló ni ayé àti ọ̀run, Ọ̀rúnmìlà ni wọ́n ń kì ní ẹlẹ́rìí ìpín, inú odù Ifá, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256, ni wọ́n sì ti ń wádìí ọ̀rọ̀ ayé ẹni. Àjọ UNESCO ka Ifá mọ́ àwọn àjogúnbá pàtàkì gbogbo ayé ní 2005. Ní 2023, ìjọba Èkó, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí ọjọ́ ìṣẹ̀ṣe, tó máa ń bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù kẹjọ. N kò sọ èyí kí o lè gba ohun tó gbà. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ irú ẹni tí ẹ jọ jókòó.

Òwe tó pa yẹn, ọ̀nà kan ò wọ ọjà, dùn létí, àwọn èèyàn sì máa ń fi í pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan nìyẹn náà. Ẹni tó ní gbogbo ọ̀nà ló wọ ọjà ti sọ ohun kan nípa Ọlọ́run tí Alhaji kò gbà, tí ìwọ náà kò sì gbà, nítorí Alhaji gbà pé ọ̀nà kan ló tọ́, ìwọ sì ti ka Jòhánù orí 14 ẹsẹ 6, níbi tí Jésù ti ní òun ni ọ̀nà, pé kò sí ẹni tó lè wá sọ́dọ̀ Baba bí kò ṣe nípasẹ̀ òun. Má wá rò pé olóríkunkun ni ọ́ torí pé o kò lè fi gbogbo ọkàn ṣe "bẹ́ẹ̀ ni" sí i. O lè ní, "Mo gbọ́ yín, Bàbá, ṣùgbọ́n èmi ò rí i bẹ́ẹ̀," kí o sì jẹ́ kó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo gbà pé èyí sàn ju kí gbogbo wa máa díbọ́n pé a fẹnu kò nígbà tí ẹnu wa kò kò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó rẹ́rìn-ín gba òwe yẹn nínú ọkọ̀, tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ tán tí wọ́n ń bú bàbá tó pa á.

Ẹ̀sìn ò ní ṣàì jẹyọ lójú ọ̀nà ilẹ̀ wa, nítorí àdúrà ni ìrìn àjò wa fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kò tíì kúrò ní Ọjọ́ta tàbí Ìwó Road tí ẹnìkan á ti ní ká gbàdúrà, kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà àwọn baba wa ni. Kìrìsìtẹ́nì ń fi "lórúkọ Jésù" parí rẹ̀, Mùsùlùmí ń ṣe àmín sí i, kò sì sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó kọ́kọ́ gbà á. Oníwàásù ibùdókọ̀ á tún dé, á kọrin, á wàásù, òmíràn á sì mú oògùn jáde nínú àpò. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 fúnra rẹ̀ ti di ọ̀nà àgọ́ àdúrà: Rìdíìmù wà níbẹ̀, Mountain of Fire wà níbẹ̀, àwọn Dípà Láìfù ní tiwọn, NASFAT, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn Mùsùlùmí, náà ní tiwọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tó ń lọ ṣọ́ òru. Ikú sì ń bẹ lójú ọ̀nà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì máa ń mú kí èèyàn ronú nípa Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ti rélùwéè tún yàtọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú rẹ lò ń wò. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Ẹbúté Mẹ́ta sí Mọ́níyà láti 2021 yìí, ìwọ àti ẹni tí ẹ kò mọra rí lè kọjú síra fún wákàtí méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bí ẹ kò ṣe ní sọ̀rọ̀, kò sì sí ibi tí o máa sá gbà bọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá gbóná.

Ẹni tó bi ọ́ ní irú ìbéèrè yẹn lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Irú wọn pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ó lè jẹ́ ẹni tó gbà pé ojúṣe òun ni láti pe èèyàn wá sínú ẹ̀sìn òun. Wọ́n ní dáwà, àwa ní ìjíhìnrere, n kò sì rí ìdí tí a ó fi máa bínú sí ẹni tó ń ṣe ohun tí àwa náà ń ṣe. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà jìn, oorun kò wá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù ni ẹni tí ọgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo ti rí i léraléra pé ẹni tó ń béèrè nípa Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ń dùn ún. Obìnrin kan tí èmi àti rẹ̀ jọ jókòó nínú ọkọ̀ Ìlọrin mú mi lórí Mẹ́talọ́kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo ẹsẹ Bíbélì tí mo bá mú wá, kò gbọ́. Ìgbà tí mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé bí àwa Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?" ló tó dákẹ́. Ó ní àbíkẹ́yìn òun lọ sí yunifásítì, ó wọ ìjọ kan níbẹ̀, kò sì wálé fún Iléyá mọ́. Bí Mẹ́talọ́kan ṣe parí nìyẹn. Ohun tó ń wá ni ẹni tó máa sọ fún un bóyá ọmọ náà á ṣì máa pe òun ní ìyá. Mo sọ fún un pé kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá rẹ̀ wà nínú Òfin Mẹ́wàá, pé ẹni tó bá ní kí ọmọ má wálé mọ́ nítorí Jésù ti ṣi Bíbélì kà, àti pé kó pe ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kó sì kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti jẹun. Irú ọgbẹ́ yìí wà láàárín wa náà: bàbá tó jẹ́ díákónì, tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ Mùsùlùmí, àti oníṣẹ̀ṣe tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rẹ́ mọ ilé òun. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè ẹ̀sìn, má tètè dáhùn. Kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ló mú yín ronú kan èyí, sà?" Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìyẹn ni kí o dáhùn.

Ní báyìí, ibi tí ọ̀rọ̀ tiyín ti bàjẹ́. Padà ka lẹ́tà tí o kọ. Alhaji béèrè, o dáhùn, bàbá onídè dá sí i, kò sí ẹni tó tíì bínú. Ẹni tó pariwo lẹ́yìn yín ló yí i padà. Títí di ìgbà yẹn, ẹ̀yin mẹ́ta lẹ̀ ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Látìgbà yẹn, àwọn èrò lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún. Ó ti di ìjàkadì ojú agbo, níbi tí ẹni tí wọ́n ń wò kò ti ní fẹ́ ṣubú, ì báà rí i pé ẹnìkejì sọ òótọ́. Gbogbo ìjà ẹ̀sìn tí mo ti rí nínú ọkọ̀ ló ní ẹnì kẹta yìí. Ó máa ń jẹ́ ẹni tí wọn kò bi ní nǹkan kan, tí ohùn rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo wọn lọ. Lóde òní, fóònù ti wá wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, wọn á ká a sílẹ̀, wọn á gé ibi tó bá wù wọ́n, ọ̀rọ̀ tí o sọ fún ẹnìkan á di ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń jà lé lórí. Bí o bá rí i pé ẹnì kẹta ti dé, rẹ ohùn rẹ sílẹ̀, má kọjú sí i, má dá a lóhùn, kí o sì sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ pé, "Ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀ báyìí, sà, a ó tún sọ ọ́." Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Bí Alhaji bá jẹ́ ọmọlúàbí, bí ìwọ náà ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, yóò yé e.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní o sẹ́ Jésù. Sísẹ́ ni ohun tí Pétérù ṣe lágbàlá olórí àlùfáà: wọ́n bi í bóyá ó mọ ọkùnrin náà, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Wọn kò bi ọ́ bẹ́ẹ̀, o kò sì dáhùn bẹ́ẹ̀. Bíbélì wà lọ́wọ́ rẹ ní gbangba. Pétérù yẹn kan náà ló wá kọ ọ́ nígbẹ̀yìn, nínú lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́, orí 3 ẹsẹ 15, pé kí a múra tán láti dá ẹni tó bá béèrè ìdí ìrètí wa lóhùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù. Àwọn èèyàn máa ń ka apá àkọ́kọ́, wọn a sì gbàgbé èkejì. Jésù fúnra rẹ̀, nígbà tó rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà Samáríà, omi ló kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ obìnrin tí ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀. Kò fi ìyàtọ̀ pa mọ́, ó sọ fún un pé ọ̀dọ̀ àwọn Júù ni ìgbàlà ti wá. Ṣùgbọ́n ìyẹn wá lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ sọ̀rọ̀, obìnrin náà sì ti bi í ní ìbéèrè tirẹ̀, ó sì dá a lóhùn.

Bó bá sì jẹ́ pé ará ilé lo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, wo Ajayi Crowther. Òṣoogùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní 1821, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti Fúlàní sì wà nínú ogun tó kó ìlú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí bó bá kórìíra wọn títí ayé. Nígbà tó dé Ìlọrin ní 1872, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa Jésù láàfin emir. Bíbélì Yorùbá ló ṣí, ó ka ohun tí ó wà níbẹ̀ fún wọn, kò bú Ànábì wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ. Mo máa ń rò ó pé bí ẹni tí wọ́n jó ilé bàbá rẹ̀ bá lè sọ̀rọ̀ báyẹn, kí wá ni ti ẹni tí wọ́n fún ní dàbínù?

Àwọn Mùsùlùmí náà ní àṣẹ tiwọn lórí èyí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n, nítorí ó lè wúlò fún ọ bí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ bá ń le. Sùúrà 16 ẹsẹ 125 ní kí wọ́n pe èèyàn sí ọ̀nà Olúwa pẹ̀lú ọgbọ́n àti ìṣítí rere, kí wọ́n sì bá wọn jiyàn ní ọ̀nà tó dára jù lọ. Sùúrà 6 ẹsẹ 108 kọ̀ fún wọn láti bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sìn, kí àwọn yẹn má baà fi àìmọ̀kan bú Ọlọ́run padà. Mo ti rí i tí àgbà Mùsùlùmí kan fi ẹsẹ yìí pa ọ̀dọ́ lẹ́nu mọ́ nínú ọkọ̀, wẹ́rẹ́ báyìí ni ọ̀rọ̀ parí.

Ní ti dàbínù, Pọ́ọ̀lù sọ nínú Kọ́ríńtì kìíní, orí 10 ẹsẹ 27, pé bí ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ bá pè ọ́, kí o jẹ ohun tó bá gbé síwájú rẹ láì béèrè nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ ìgbà tí ó yẹ kí o dá a dúró: bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé wọ́n ti fi í rúbọ sí òrìṣà. Dàbínù inú ọ̀rá kò sí nínú ìyẹn. Àwọn ìjọ kan kì í jẹ ẹran Iléyá torí ẹsẹ yìí, àwọn mìíràn ń jẹ ẹ́ torí pé Ọlọ́run Ábúráhámù ni wọ́n dárúkọ sí i. Mo mọ àwọn olóòótọ́ níhà méjèèjì, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e. Nípa oúnjẹ náà, má ṣe sọ ohun kankan bí o bá rí Mùsùlùmí tó ń mumi nínú ọkọ̀ lóṣù ààwẹ̀. Sùúrà 2 ẹsẹ 185 yọ̀ǹda fún arìnrìn-àjò láti jẹun, kó sì san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Ní 2025, Rámàdánì àti Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ṣáájú Àjíǹde, bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, àwọn Kátólíìkì àti Mùsùlùmí sì jọ ń rìn tebi-tebi. Ìbéèrè tó dára jù lọ tí mo gbọ́ lọ́dún yẹn ni ti ọmọdébìnrin kan tó bi ẹni tó jókòó tì í pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ń gbààwẹ̀ fún?"

Àmín ló ṣòro díẹ̀. Alhaji tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kí iṣẹ́ rẹ tẹ̀síwájú. Ohun tó tọrọ dára, ìwọ náà sì ń tọrọ rẹ̀. Ní tèmi, mo máa ń ṣe àmín sí irú rẹ̀. Àwọn kan kì í ṣe é, wọ́n ní àmín jẹ́ ìfọwọ́sí gbogbo ìgbàgbọ́ ẹni tó ń gbàdúrà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí wọn kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àdúrà ṣeré. Láàárín àwọn àlùfáà Mùsùlùmí pàápàá, ẹnu kò kò lórí ṣíṣe àmín sí àdúrà Kìrìsìtẹ́nì. Bí ọ̀rọ̀ àdúrà bá wá kan ohun tí o kò gbà, dákẹ́ jẹ́ẹ́ kí o tẹrí ba. Bó bá parí, sọ pé, "Ẹ ṣé, sà, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà." Kò sẹ́ni tó máa kà á sí àrífín.

Nígbà mìíràn, ohun tó dára jù ni kí o má dáhùn rárá. Bó bá rẹ̀ ọ́, bí o kò mọ ìdáhùn, bí ẹni náà bá ń wá ẹni tí yóò fi ṣẹ̀sín, sọ pé o kò ní agbára ọ̀rọ̀ lónìí. Kì í ṣe ìtìjú. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń yẹra fún pátápátá láàárín àlejò. Ọ̀kan ni ti híjáàbù nílé ẹ̀kọ́, tó dá wàhálà sílẹ̀ ní Ọ̀ṣun ní 2016 àti ní Kwara ní 2021, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì dájọ́ lórí ti Èkó ní 2022. Ohun tó tọ́ láti jíròrò ni, ṣùgbọ́n o kò mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣe léṣe nínú àwọn tó ń gbọ́.

Má sì gbé gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí dé ibi gbogbo. Ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ti ń kọrin pé ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé, tí ìdílé kan sì lè ní Alhaji, díákónì àti babaláwo. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀sìn kejì máa ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lójú ọ̀nà ibòmíràn ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n gbọ́ bí èébú lè di ẹ̀jẹ̀ kí ọlọ́pàá tó dé. Abala 38 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ẹ̀sìn, láti yí i padà àti láti fi kọ́ni, ṣùgbọ́n òfin yẹn kò lè gbà ọ́ sílẹ̀ láàárín èrò tí inú ń bí. Bí o bá ń lọ síbi tí o kò mọ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀, má fi ohun tí o rí ní rélùwéè Mọ́níyà ṣe ìwọ̀n.

Ó ku ti nọ́ńbà. Pe ìyàwó rẹ̀. Kí i, sọ ẹni tí o jẹ́, kí o sì gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ṣọ́ra bí o ṣe máa ṣọ́ra fún ẹnikẹ́ni tí o kò mọ̀ rí, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù: sọ ibi tí ò ń lọ fún ará ilé rẹ, ọ̀sán ni kí o lọ, má sì dá lọ. Mú èso dání, má mú ọtí, kódà èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ọtí nínú. Bí àkókò ìrun bá tó, wọn á dìde. Jókòó, kò sẹ́ni tó máa ní kí o wá kírun. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, gbàdúrà tìrẹ sí i. Bí wọ́n bá tún bi ọ́ ní ohun tí o kò mọ̀, sọ pé o kò mọ̀, kí o lọ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ rẹ, kí o sì padà lọ sọ ọ́ fún wọn. Ní ti ẹni tó máa bá ọ lọ, ọ̀rẹ́ rẹ tó bá ọ wí yẹn ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ bẹ̀, bó bá lè gbà pé òun á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn kí òun tó sọ tòun.